Ta Ni Yóò San Owó Ọjọ́ Sátidé?

Ohun tó ń pa ẹgbẹ́ eré ìdárayá ní agbègbè wa kì í ṣe àìsí bọ́ọ̀lù tàbí àìsí jẹ́sì. Owó ọjọ́ Sátidé ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní rọ́gíbì líìgì, ìyẹn rọ́gíbì tí ènìyàn 13 ń gbá ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ohun tí ojú mi sì ń rí ni pé ọmọ tó lágbára jù, tó lè sáré jù, tí bọ́ọ̀lù kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun gan-an ni kì í sábà sí ní pápá lọ́jọ́ ìdíje. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá rẹ̀ ń rán aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sóde, ọjọ́ yẹn ni mọ́tò pọ̀ jù ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọjọ́ yẹn ni àwọn oníyanrìn ń sanwó ní Bayékù. Bó bá wá gbá bọ́ọ̀lù, kí ni ilé rẹ̀ yóò jẹ lọ́jọ́ Àìkú?

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló bí eré náà. Ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn, àwọn awakùsà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ àti àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ló kún inú ẹgbẹ́ rọ́gíbì. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán Sátidé. Bí ìdíje bá wà ní ìlú tó jìnnà, wọ́n gbọ́dọ̀ pa iṣẹ́ òwúrọ̀ jẹ, owó iṣẹ́ yẹn sì ti lọ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa dá owó tí òṣìṣẹ́ pàdánù padà fún un. Àwọn aláṣẹ rọ́gíbì, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ olówó tó jáde ilé ẹ̀kọ́ ńlá, kọ̀ jálẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1893 ni wọ́n dìbò lé e lórí ní Lọ́ńdọ̀nù: 282 ta kò ó, 136 fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá lè gbá bọ́ọ̀lù láìgba kọ́bọ̀, kó jókòó sílé, ohun tí ìbò yẹn ń sọ nìyẹn.

Wọn ò jókòó sílé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1895, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ láti Yorkshire, Lancashire àti àyíká wọn pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì George ní Huddersfield, wọ́n yapa, wọ́n sì dá Northern Rugby Football Union sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i pé ẹgbẹ́ lè san tó ṣílè mẹ́fà fún ẹni tó bá pa iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ nítorí bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ṣílè mẹ́fà yẹn, nítorí òun ló tún eré náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ san án gbọ́dọ̀ rí owó náà lẹ́nu ọ̀nà pápá, lọ́wọ́ àwọn tó wá wòran. Òǹwòran tó jẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tiwọn kò ní fi owó rẹ̀ wo ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń ti ara wọn sójú kan nínú ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún òfin ṣe nìyẹn. Ní 1897 wọ́n fagi lé àṣà kí ẹgbẹ́ méjèèjì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Ní 1906 wọ́n dín ènìyàn 15 kù sí 13, wọ́n sì ní kí ẹni tí wọ́n bá gbé lulẹ̀ dìde, kó fi ẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún ẹnìkejì rẹ̀, kí eré máa lọ. Ní 1922 ni orúkọ àjọ náà di Rugby Football League. Nígbà tó di 1966 wọ́n ní ìgbà mẹ́rin péré ni wọ́n lè gbé ẹgbẹ́ kan lulẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù. Ní 1972 ó di ẹ̀ẹ̀mẹfà, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí dòní. Nígbà tí mo bá ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní Ìgbógbó, nítòsí Ìkòròdú, pé “ẹ kà á, ẹ̀ẹ̀kárùn-ún rèé, ẹ ta á síwájú!”, owó iṣẹ́ àwọn awakùsà ló wà lẹ́yìn igbe yẹn.

Òfin kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní 1898, nígbà tí wọ́n gbà pé ẹgbẹ́ lè máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù ní gbangba, wọ́n fi àdéhùn kan tì í: ẹni náà gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà bọ́. Wọn kò tilẹ̀ ka iṣẹ́ agbọ́tí ní ilé ọtí mọ́ iṣẹ́. Ní 1905 ni wọ́n mú òfin yẹn kúrò. Àwọn tó ń kọ ìtàn lè rí i bí ìnira, ó sì ni àwọn kan lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yé mi dáadáa. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí òbí máa ń bi mí ní Ìkòròdú ni pé, “Kóòṣì, lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ńkọ́?” Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí kò bá sí nílé ìwé tí kò sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kankan, mo máa ń bá a wá ọ̀gá kí n tó fún un ní jẹ́sì. Àwọn kan rò pé mo le. Èmi mọ̀ pé eegun èjìká lè yẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ wo ìlú Featherstone ní Yorkshire. Ìlú awakùsà kékeré ni. Ìkòròdú lè gbé e mì láìmọ̀. Ní 1902 ni wọ́n dá Featherstone Rovers sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gba ife Challenge Cup, èyí tó jẹ́ ife àgbà nínú eré náà: 1967, 1973 àti 1983. Ní 1983 yẹn, ní Wembley, Hull ni wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀, 14 sí 12, bẹ́ẹ̀ ìlú èbúté ńlá ni Hull, ẹnikẹ́ni ò sì retí i. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìyanṣẹ́lódì ńlá àwọn awakùsà bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì máa di 1985 wọ́n ti ibi ìwakùsà Ackton Hall tó wà nínú ìlú náà pa. Iṣẹ́ tó bí ẹgbẹ́ náà kú. Ẹgbẹ́ náà kò kú. Mo ti rò ó títí, ohun tí mo rí dì mú ni pé pápá wọn wà láàárín ilé wọn, orúkọ ìlú wà lórí jẹ́sì, àwọn ìdílé sì ń fa ipò lé ọmọ lọ́wọ́ láti ìran dé ìran. Bí ọ̀gá tó ń náwó bá lọ, ìlú ò lọ.

Eré tó bẹ̀rẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ kò pẹ́ kó tó gba aláwọ̀ dúdú mọ́ra ju eré ẹlẹ́ni 15 lọ. Billy Boston, tí wọ́n bí ní Cardiff ní 1934, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone, lọ sí Wigan ní 1953, ó sì gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ní ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gọ́rin lé ní irinwó, 478, fún ẹgbẹ́ yẹn nìkan. Ní 2025 ni ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Sir dá a lọ́lá, òun sì ni agbábọ́ọ̀lù rọ́gíbì líìgì àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé. Clive Sullivan ni balógun ẹgbẹ́ Britain tó gba ife àgbáyé ní 1972. Martin Offiah, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni ọmọ mi kankan kì í fẹ́ kí n pa fídíò rẹ̀ lórí fóònù, nítorí eré sísá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ère àwọn akọni rọ́gíbì líìgì márùn-ún kalẹ̀ níwájú pápá Wembley ní 2015, Boston àti Offiah wà lára wọn.

Ní Èkó, ọmọ wa kan tó ti gbá eré náà lókè òkun, Ade Adebisi, wà lára àwọn tó ṣíwájú láti gbìn ín síbí. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Whitehaven, ẹgbẹ́ ìlú èbúté àti ìwakùsà ní etí òkun Cumbria. Ẹgbẹ́ abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ní gúúsù àti ní àríwá; ẹni tó bá gbọ́ Lagos Haven, Eko Trinity àti Lagos Rhinos, tó sì mọ Whitehaven, Wakefield Trinity àti Leeds Rhinos, á mọ ibi tí ojú wọ́n ń wò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ìdíje Middle East àti Áfíríkà wá sí pápá Teslim Balogun ní Sùúrùlérè. Gánà, Mòrókò àti Kamẹrúùnù wá bá wa. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Britain àti àwọn tí a tọ́ nílé níbí ló jọ wọ jẹ́sì kan náà. Gánà fi ojú wa rí màbo, ṣùgbọ́n a borí wọn, 10 sí 4. Ní àṣekágbá, a na Mòrókò 38 sí 10.

Inú mi dùn ju bí ẹnu ṣe lè sọ. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, mo padà sí Ìkòròdú, ìbéèrè owó Sátidé sì ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú àwọn ọmọ tí mo ní. Àwọn tó ń wa yanrìn ní Bayékù àti Ìbẹ̀ṣẹ̀ ń fi àkàbà sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀sà pẹ̀lú korobá, wọ́n ń bu yanrìn nísàlẹ̀ omi, wọ́n ń gbé e gòkè, títí ọkọ̀ yóò fi kún dé etí. Iye ọkọ̀ tí o bá bu yanrìn kún ni owó rẹ. Ọmọkùnrin tó bá ti ṣe iṣẹ́ yẹn ní ọdún bíi mélòó kan, èémí rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ le, èjìká rẹ̀ sì mọ ẹrù. Kò sí ibi ìdárayá olówó ńlá tó lè fún mi ní irú ara bẹ́ẹ̀. Fi í sí àárín pápá, ènìyàn mẹ́ta ni yóò so mọ́ ọn kó tó ṣubú. Àwọn ti Òdògùnyàn ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin àti ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi, ọ̀sẹ̀ kan lọ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ kan lóru. Ẹni tó jáde iṣẹ́ òru ní àárọ̀ Sátidé, tó tún fẹ́ wá di ènìyàn mú lọ́sàn-án, mi ò jẹ́ gbà fún un, bó ti wù kí n nílò rẹ̀ tó. Ara tí kò sùn ni ara tó ń ṣèṣe.

Ti Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀. Omi ló ń darí ọjọ́ níbẹ̀. Ẹni tó dẹ àwọ̀n lóru gbọ́dọ̀ gbé ẹja dé ọjà Olúwo kí oòrùn tó mú, nítorí náà òwúrọ̀ Sátidé ti lọ, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ń bẹ. Ilẹ̀ wọn náà sàn ju tiwa lọ. Ní Ìkòròdú, ilẹ̀ pupa le koko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá ṣubú lé e, awọ orúnkún rẹ̀ á kù síbẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, yanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀, ọmọ á ṣubú, á gbọnra, á dìde. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní bí a ṣe ń gbé ènìyàn lulẹ̀. Àwọn tó bá ti ja gídígbò rí láti kékeré máa ń yára mọ̀ ọ́n: ìbàdí ni kí o fojú sí, kì í ṣe àyà, orí rẹ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn ìdí ẹni tí o dì mú, kò gbọdọ̀ wà níwájú rẹ̀, apá méjèèjì kí ó pàdé, ẹsẹ̀ kí ó máa rìn.

Mo ń tẹnu mọ́ orí yẹn nítorí àwọn ìyá. Ìyá kan bá mi lẹ́bàá pápá ní Ẹ̀pẹ́, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Ẹ má bínú sí mi o, ṣé wọn ò ní ṣẹ́ ọmọ mi lọ́rùn báyìí?” Mo ní, “Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Màmá. Ẹ wá jókòó tì mí.” Mo fi gbogbo ohun tí a ń ṣe hàn wọ́n. Mo sọ fún wọn pé ẹni tí orí rẹ̀ bá gba nǹkan, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tó ń gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ó ti jáde nìyẹn lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ń búra pé ara òun ti yá, kò sì ní padà wọ pápá títí dókítà yóò fi rí i. Màmá gbọ́ tán, wọ́n ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi kó ẹja lọ́jọ́ tí ẹ bá mú un lọ Sùúrùlérè?” Wọ́n ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọrùn, a ti padà sórí ọ̀rọ̀ owó. Màmá gbọ́n.

Sùúrùlérè yẹn kì í ṣe ibi tí à ń nawọ́ dé. Láti Ìkòròdú, ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT tí wọ́n nà dé ọ̀dọ̀ wa ní 2015 ràn wá lọ́wọ́, síbẹ̀ ẹgbẹ́ tó bá ń lọ gba ìdíje kan gbọ́dọ̀ san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, kó sì ra oúnjẹ. Láti Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n gba Ìtòkín wá bá wa ni, tàbí kí wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà Lẹkí. Bó ti wù kó jẹ́, ọjọ́ náà ti tán. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí mo fi yan eré ẹlẹ́ni 13. Ènìyàn méjì tó dín yẹn, owó ọkọ̀ ẹni méjì ló dín, owó ọjọ́ iṣẹ́ ẹni méjì ló sì dín.

Ìkòròdú ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ẹgbẹ́ ìlú lè dà nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ikorodu City gòkè sí líìgì àgbà Nàìjíríà ní 2024, wọ́n sì parí sáà 2024/25 láàárín àwọn márùn-ún tó wà lókè tábìlì, ní sáà tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì. Ariwo wọn gba gbogbo Sábó àti Agric ní Ìkòròdú. Síbẹ̀ Oníkan, ní òdìkejì ọ̀sà, ni wọ́n ti ń gba àlejò. Ọmọ Ìkòròdú tó fẹ́ wo ẹgbẹ́ Ìkòròdú gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Mo yọ̀ mọ́ wọn, mo sì bá wọn káàánú lórí èyí, nítorí pé mo mọ ohun tí pápá àárín ilé ṣe fún Featherstone. Ìgbógbó àti Ẹ̀pẹ́ ti ní pápá ìṣeré kékeré báyìí, ìyẹn dára púpọ̀. Ohun tó kù ni wákàtí. Àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ìrọ̀lẹ́, ó sì tọ́ sí wọn, àwọn ló pọ̀. Wákàtí méjì péré lọ́sẹ̀, tí kò ní yí padà, tó fún mi.

Owó ọjọ́ Sátidé ńkọ́? Lọ́dọ̀ tiwa, àjọ la fi ń yanjú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn òbí tó bá fẹ́, àti àwọn oníṣòwò díẹ̀ tó fẹ́ràn wa, ń dá iye kékeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé à ń kó o ní kíkó bí àjọ ọjà. Ẹni tó bá pa iṣẹ́ ọjọ́ ìdíje jẹ, tí ọ̀gá rẹ̀ tàbí ẹni tó ń ra yanrìn lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́rìí iye tó pàdánù, ni à ń san án fún. Ẹni tí kò pàdánù nǹkan kan kò gba nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ balógun wa. Kì í kárí nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn ìdajì ni ọmọ náà ń gbà. Ó ń gbà á, ó sì ń wá.

Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí akọ̀wé wa ń kọ ọ́ sí: ọjọ́ ìdíje, orúkọ, iṣẹ́ ọwọ́, orúkọ ọ̀gá, iye tó pàdánù, iye tí a san, ẹni tó ṣèṣe. Inú ìwé ni mo ní kó wà, kì í ṣe lórí WhatsApp, nítorí pé fóònù ń sọnù. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìtàn ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ iwájú, èsì ìdíje ò ní sọ fún un tó ohun tí ìwé yẹn yóò sọ: pé àwọn télọ̀ kan wà tó ń yọ̀ǹda ọmọ iṣẹ́ wọn láìgba kọ́bọ̀, pé àwọn kan kì í yọ̀ǹda rárá, pé ní àkókò òjò tí yanrìn kò tà, ẹgbẹ́ wa máa ń pé pérépéré.

Ní báyìí, ilé iṣẹ́ Òdògùnyàn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Owó kọ́ ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ wọn. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lè bá ẹlòmíràn pààrọ̀ iṣẹ́ òru ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n lè sùn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá àgbà kan ti ní kí n kọ ọ́ wá sínú ìwé, kí n to orúkọ àwọn ọmọ náà àti àwọn ọjọ́ ìdíje sísàlẹ̀. Akọ̀wé wa ti ń tò ó.